Fadá Francis Aupiais (1877–1945): Àlùfáà tí ó Mọ Iyì Àwọn Baba Wa

Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó wà ní Kùtọnu tí kò tíì gbọ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tí a ń pè ní Collège Père Aupiais. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ wa léèrè pé ta ni ẹni tí ó ni orúkọ náà, ìdáhùn kì í tètè wá. Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn tí ó gbin ìgbàgbọ́ sí ilẹ̀ wa, ó tọ́ kí a rántí àlùfáà yìí, ẹni tí ó gbà pé ènìyàn lè di Kristiẹni tòótọ́ láì tẹ́ńbẹ́lú àwọn baba rẹ̀.

Ní ọdún 1877 ni a bí Francis Aupiais ní Saint-Père-en-Retz, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ó wọ Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì Áfíríkà (SMA), èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó rán Fadá Francesco Borghero wá sí Wídà ní 1861. Aupiais gba oyè àlùfáà ní 1902, nígbà tí ó sì di 1903, ó gúnlẹ̀ sí Dàhòmì, ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin láti 1975. Ìlú Àjàṣẹ́, èyíinì ni Porto-Novo, ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún rẹ̀ láàárín wa. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ, tí ó sì ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n.

Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó ni ó gbà pé ènìyàn dúdú kò ní ọgbọ́n, kò ní ìtàn, kò sì ní ohunkóhun tí ó yẹ ní pípamọ́. Fadá Aupiais pàápàá kò mọ ilẹ̀ wa nígbà tí ó dé. Ṣùgbọ́n ó fi etí sílẹ̀. Ó ń wo bí a ṣe ń kí àgbà, bí a ṣe ń sin òkú, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọba. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó wá rí i pé Ọlọ́run ti ṣiṣẹ́ nínú ọkàn àwọn ènìyàn yìí kí míṣọ́nnárì tó dé. Nítorí náà, ní Àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa, ó mú kí àwọn amòye tí ó wá júbà Jésù jáde bí àwọn ọba ilẹ̀ wa ti ń jáde, pẹ̀lú ìlù, orin àti ijó. Àwọn ọmọ ìjọ rí i pé ẹwà tiwọn náà yẹ níwájú Ọlọ́run.

Ní 1925, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó pè é ní La Reconnaissance africaine. Ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ méjì: ìdúpẹ́, àti mímọ iyì ẹni. Ó fi ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn àti àṣà wọn. Paul Hazoumé, tí ó wá di òǹkọ̀wé olókìkí, wà lára wọn. Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, náà kọ̀wé nípa ìlú rẹ̀ síbẹ̀. Mouléro yìí ni ó di ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ tí ó gba oyè àlùfáà, ní 1928. Ayọ̀ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí ń sọ èdè Yorùbá.

Ní ọdún 1928 kan náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Aupiais ṣe olórí ẹ̀ka Lyon ti ẹgbẹ́ wọn. Láti ìparí 1929 títí wọ 1930, ó padà wá sí Dàhòmì pẹ̀lú ayàwòrán Frédéric Gadmer, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Albert Kahn. Wọ́n ya fíìmù iṣẹ́ míṣọ́n, wọ́n sì ya ti ìsìn àwọn baba wa pẹ̀lú. Èyí kejì ni ó fa wàhálà. Àwọn àlùfáà mìíràn ti ṣe làálàá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn onígbàgbọ́ tuntun má bàa padà sí ojúbọ. Ẹ̀rù bà wọ́n pé àwọn ènìyàn yóò rò pé Ìjọ ti fi ọwọ́ sí ohun tí ó kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe asán. Àwọn aláṣẹ kò jẹ́ kí ó máa fi fíìmù náà han gbogbo ènìyàn. Ó dun Fadá Aupiais, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Kò fi oyè rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Kò dákẹ́ nípa ìjìyà àwọn ènìyàn wa. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń fi ipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1945, a dìbò yàn án, òun àti Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, láti ṣojú Dàhòmì àti Tógò ní ilé ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin tuntun. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ náà pẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an, ó dákẹ́ ní Paris. Nígbà tí ó di oṣù Kẹrin 1946, òfin fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ amúnisìn Faransé.

Ohun tí a kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ti di ohun tí Ìjọ ń kọ́ni. Ìpàdé Ńlá Vatican Kejì (1962–1965) kọ́ wa pé Ìjọ kì í kọ ohun mímọ́ àti òtítọ́ tí ó wà nínú ẹ̀sìn àwọn ẹlòmíràn. Ní 1993, ní Kùtọnu níhìn-ín, Póòpù John Paul Kejì pàdé àwọn aṣáájú ẹlẹ́sìn vodun, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwòrán tí Gadmer yà sì wà ní ìpamọ́ ní ilé-ìṣura Albert Kahn nítòsí Paris, níbi tí àwọn ọmọ wa ti lè rí ojú àwọn baba ńlá wọn.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Nígbà tí a bá ń lùlù, tí a sì ń kọrin ní èdè wa nínú Mísà, kí a rántí pé ẹnìkan ti jìyà kí ọ̀nà yìí tó là. Kí a má sì gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kejì: ẹni tí ó rí òtítọ́ ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè dúró dè wọ́n pẹ̀lú sùúrù nínú Ìjọ. Kí Ọlọ́run fún ọkàn ìránṣẹ́ rẹ̀, Fadá Francis Aupiais, ní ìsinmi ayérayé. Àmín.