John Heisman àti owó bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹ̀yin ará wa l'Atlanta, ife-ẹ̀yẹ ni àwọn ọmọ wa mọ orúkọ Heisman mọ́. Ẹni tó ni orúkọ náà gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Wọ́n bí John Heisman ní Cleveland lọ́dún 1869. Ó kàwé òfin, àmọ́ bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ló fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ní 1904, Georgia Tech gbà á ní 2,250 dọ́là lọ́dún, pẹ̀lú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá pa nílé. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni àpò rẹ̀ ń wú. Ní 1913, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn bá wọn kọ́ ibi ìjókòó Grant Field.

Ní 1916, Cumberland ti pa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn tì, bẹ́ẹ̀ bí wọn ò bá wá, wọn á san 3,000 dọ́là. Heisman fi 500 dọ́là fà wọ́n wá, ó sì nà wọ́n ní 222 sí òdo! Ní 1917, Tech di ọ̀gá ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1936, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ife-ẹ̀yẹ náà.

Ìpín tirẹ̀ wà nínú ìwé láti 1904. Àwọn ọmọ tó ń fara gbọgbẹ́ lórí pápá ńkọ́? Ó di 2025 kí wọ́n tó gba ilé-ìwé láàyè láti pín nínú owó tó ń wọlé fún wọn. Ẹ̀yin òbí, bí kóòṣì bá kan ilẹ̀kùn yín nítorí ọmọ, ẹ ka àdéhùn náà dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.