Sayyid Ajall Shams al-Din, Gómìnà Mùsùlùmí ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn ẹni tí a gbé agbára lé lọ́wọ́, tí kò sì fi ni ènìyàn lára, ni a mú wá fún yín lọ́dún yìí.

Ìlú Bukhara ni wọ́n ti bí Sayyid Ajall ní ọdún 1211, nínú ìdílé tó ka ara rẹ̀ kún ìran Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Nígbà tí Genghis Khan, ọba àwọn Mòńgólì, gbógun ti agbègbè wọn, ìdílé náà túúbá fún un. Sayyid Ajall bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ ọba, ó sì ń ga sí i títí di ayé Kublai Khan, tó jọba lé Ṣáínà lórí.

Ètò ìjọba Ṣáínà ti wà kí àwọn Mòńgólì tó dé. Láti ayé àwọn ọba Sui, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 581, títí di àtúntò ọdún 1906, ilé-iṣẹ́ ìjọba mẹ́fà ni a mọ̀ níbẹ̀: ti yíyan òṣìṣẹ́, ti owó orí, ti ètò ẹ̀yẹ, ti ogun, ti ìdájọ́ àti ti iṣẹ́ òde. Kublai fi wọ́n sábẹ́ ọ́fíìsì àgbà kan ní olú-ìlú, ó sì dá ẹ̀ka ọ́fíìsì náà sílẹ̀ ní àwọn agbègbè tó jìnnà. Láti ara orúkọ ẹ̀ka wọ̀nyí ni sheng ti wá, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pe ìpínlẹ̀ títí di òní.

Ní ọdún 1274, Kublai fi Sayyid Ajall ṣe olórí ẹ̀ka ti Yunnan. Ọwọ́ àwọn ológun ni àkóso ibẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó fi àwọn alákòóso ìlú rọ́pò wọn, ó sì sọ Kunming di olú-ìlú dípò Dali. Ó sé odò Panlong kí omi lè dé oko àwọn àgbẹ̀. Ó kọ́ mọ́sálásí, ó sì kọ́ tẹ́ḿpìlì Confucius fún àwọn tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ tiwọn. Nígbà tí ó rí i pé owó bébà kò bá àwọn ará Yunnan lára mu, ó bẹ ọba kí wọ́n máa ná owó ẹyọ wọn lọ, irú èyí tí àwọn baba ńlá tiwa náà ná.

Ìlú kan ṣọ̀tẹ̀ sí i. Ó ránṣẹ́ àlàáfíà sí wọn, ó sì dúró. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò lè mú sùúrù, wọ́n kọlu ìlú náà láìgba àṣẹ. Ó ní kí wọ́n lu agogo ìpadàsẹ́yìn, ó sì bá olórí wọn wí gidigidi. Nígbà tí àwọn ará ìlú gbọ́ èyí, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó kú ní ọdún 1279, ọmọ rẹ̀, Nasr al-Din, sì bọ́ sípò rẹ̀. Ìran rẹ̀ ni a ka Zheng He sí, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Ṣáínà tí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ dé etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1405 sí 1433.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò di òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́la. Àlejò ni Sayyid Ajall ní Yunnan, ó sì ní ọmọ ogun lẹ́yìn. Omi ni ó kọ́kọ́ fún wọn. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí a lè gbé iṣẹ́ ìlú lé lọ́wọ́. Àmín.