TÈSÍLÍMÌ BALÓGUN (1927–1972): ÀRÁ ORÍ PÁPÁ NÍNÚ ÌTÀN ÀTẸNUDẸ́NU ÀTI NÍNÚ ÀKỌSÍLẸ̀

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ti Yábàá gba Ojúẹlẹ́gba jáde sí ojú ọ̀nà tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Western Avenue yóò rí pápá ìṣeré ńlá méjì tí wọn kò jìnnà síra wọn. Èkínní ni Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè. Èkejì jẹ́ ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, orúkọ tí ó sì ń jẹ́ ni Tèsílímì Balógun. Ojoojúmọ́ ni awakọ̀ ń pe orúkọ yìí gẹ́gẹ́ bí ibùdókọ̀ ti ń jẹ́ pípè. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé òun ni ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń ya àwọ̀n, tí ó ń pa aṣọ́lé, tí wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kí ó má baà fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Ìtàn dídùn ni. A kò sì ní torí pé ó dùn kí a dà á nù, nítorí ọ̀nà kan nìyẹn tí àwùjọ ń gbà fi ìyì fún akọni rẹ̀. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn àtẹnudẹ́nu náà ti bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. A ó gbé ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ti fi í hàn, a ó sì rí i pé ohun tí ó ṣe gan-an ní ẹ̀kọ́ nínú fún olùkọ́ ju ohun tí wọ́n ní ó ṣe lọ.

Ìbí rẹ̀ àti Èkó ìgbà náà

Ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1927 ni a bí Tèsílímì Balógun ní Èkó. Abẹ́ ìjọba amúnisìn ni a wà nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó lè fi bọ́ọ̀lù gbígbá nìkan jẹun ní ilẹ̀ wa. Àwọn ilé iṣẹ́ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí í ṣe Marine, ilé iṣẹ́ rélùwéè tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Èbúté Mẹ́ta ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé ìtajà ńlá bíi U.A.C. àti S.C.O.A. Ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá yóò rí iṣẹ́. Yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀gá lójúmọmọ, yóò sì gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́.

Inú ètò yìí ni Balógun ti dàgbà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí: ẹgbẹ́ Apapa Bombers, U.A.C., Marine, Rélùwéè, Pan Bank àti S.C.O.A., ó sì gbá fún ìlú Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ka orúkọ wọ̀nyí tẹ̀léra lè rò pé aláìnífarabalẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò sí owó oṣù fún bọ́ọ̀lù, láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì ni òṣìṣẹ́ tí ó ní ẹ̀bùn fi ń wá iṣẹ́ tí ó sàn ju ti àná lọ.

Ní ọdún 1945 ni ìdíje fún Ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó di gbajúgbajà kárí orílẹ̀-èdè. Àwọn ẹgbẹ́ Èkó ni wọ́n jẹ gàba lé e lórí ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Níwájú èrò tí ó ń wá wo irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ Balógun ti rú yọ. Wọ́n pè é ní Thunder, èyí tí í ṣe àrá, nítorí agbára tí ń bẹ nínú bọ́ọ̀lù tí ó bá gbá. Ní àwùjọ tí ó mọ Ṣàngó, orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe orúkọ eré. Láti inú orúkọ yìí ni ìtàn àwọ̀n yíya àti aṣọ pupa ti rí ilẹ̀ hù.

Ẹsẹ̀ lásán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 1949, a kó àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù láti onírúurú ìlú ní Nàìjíríà jọ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀ náà; Tèsílímì Balógun wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Titus Okere tí ó máa ń sá etí pápá bí ìjì. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ dé Liverpool ní ìparí oṣù kẹjọ. Ohun tí ó ya àwọn Òyìnbó lẹ́nu jù ni pé ẹsẹ̀ lásán ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ìdíje mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tí kì í gbá bọ́ọ̀lù gbowó. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby ní àmì ayò 5 sí 2. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ìyà pẹ̀lú, nítorí iye ìgbà tí a nà wọ́n ju iye ìgbà tí wọ́n borí lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà sí Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí òdo ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1949. Ìdíje yẹn ni a kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ọba ní ilé, ọmọ iṣẹ́ ní òkèèrè

Ìrìn àjò yẹn la ojú àwọn kan nínú wọn sí ohun tí kò sí nílé. Okere ni ó kọ́kọ́ padà lọ, tí ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Swindon Town. Ní ọdún 1955, Balógun náà gbéra. Ẹni ọdún 28 ni. Ní ọjọ́ orí yìí, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti ń wo ẹ̀yìn wò. Ní Èkó, bí ó bá kọjá lọ́jà, ọmọdé ń tẹ̀ lé e. Ibi tí ó sì ń lọ kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Peterborough United ni ó kọ́kọ́ gbà á, ẹgbẹ́ tí kò tí ì wọ inú Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún Skegness Town.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1956, Queens Park Rangers ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbà á, ẹgbẹ́ tí ó wà ní Ìpele Kẹta apá gúúsù nínú Líìgì. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà. Ìdíje Líìgì 13 ni ó gbá, ó sì jẹ àmì ayò 3. Lẹ́yìn èyí, ó lọ sí Holbeach United, ẹgbẹ́ kékeré kan tí kò sí nínú Líìgì.

Ibí ni ìtàn àtẹnudẹ́nu máa ń fò kọjá. Ìdíje 13 àti àmì ayò 3 kò jọ iṣẹ́ àrá. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn akọni rẹ̀ lè fẹ́ fi iye yìí pamọ́. Èrò tiwa yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó dojú kọ: bàtà bọ́ọ̀lù ní ẹsẹ̀ tí ó ti fi òfìfo gbá bọ́ọ̀lù di olókìkí, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ àti òtútù, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù gbowó kí òun tó dé, àti àwọ̀ ara tí ó yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹni tí ó wà lórí pápá. Nínú gbogbo èyí, ó rí àyè nínú Líìgì, ó sì jẹ àmì ayò. Ìtàn tí ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pa ènìyàn sọ ọ́ di olóògùn, ẹni tí kò ní láti ṣe wàhálà. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé alágbára tí ó gbà láti tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni.

Láti agbábọ́ọ̀lù di olùkọ́

Balógun kò padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì gba ẹ̀rí, wọ́n sì kà á sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé agbára ẹsẹ̀ ń rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a bá fi lé ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́ kì í bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí di òpin ayé rẹ̀ ni ó fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ọkùnrin tí a ń pè ní Àrá, olùkọ́ ni ó gbẹ̀yìn jẹ́.

Ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 1972 ni ó jáde láyé ní ẹni ọdún 45. Ìkú náà tètè dé. Ó ku bí oṣù márùn-ún kí Èkó gba àlejò eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní oṣù kìíní ọdún 1973. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré mìíràn sí ìtòsí ibẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i, ọdún mẹ́tàlélógún gbáko. Orúkọ Balógun ni ó jẹ́. Nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2009, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá náà.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Tèsílímì Balógun méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń gbé ẹnu àwọn ènìyàn, òun ni ó ń ya àwọ̀n. Èkejì ń gbé inú àkọsílẹ̀, òun ni ó fi ipò ọba sílẹ̀ ní Èkó láti lọ ṣe ọmọ iṣẹ́ ní Peterborough. Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin tí ẹ ń lọ dúró níwájú ọmọ kíláàsì ni pé kí ẹ sọ ìtàn méjèèjì. Ẹ fi ti aṣọ pupa fa etí wọn mọ́ra, nítorí yóò mú wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí àwùjọ fi nílò irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ 13 àti 3 sí ojú pátákó. Ọmọ tí ìdánwò kò gbè, tí ó rò pé ẹ̀bùn nìkan ni ń sọ ènìyàn di ẹni ńlá, yóò rí ara rẹ̀ nínú iye méjì yẹn ju bí yóò ti rí i nínú àrá lọ.