Teslim Balógun: Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ààrá

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tí èèyàn bá rìn gba Wusasa kọjá, nítòsí ilé ìjọsìn Bátólómíù Mímọ́ tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní 1929, kò ní ṣàì rí àwọn ọmọdé tí ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù nínú eruku. Ìgbàkigbà tí a bá rí wọn, Teslim Balógun ni a máa ń rántí. Wusasa kọ́ ni ilé rẹ̀, ọmọ Èkó ni. Ṣùgbọ́n Òkè Ọya yìí náà mọ̀ ọ́n, nítorí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú Jọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ orúkọ rẹ̀ lára pápá ìṣeré, tí a kò sì mọ ẹni tó jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn rẹ̀ wá sójú ìwé yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1927 ni wọ́n bí i ní Èkó. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Banham ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Port Harcourt. Ó ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ wa. Ilé iṣẹ́ ló ń kó àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jọ: ti ọkọ̀ ojú omi, ti rélùwéè, ti báńkì. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá a rí iṣẹ́ oṣù, ọ̀sán a jẹ́ ti ọ́fíìsì, ìrọ̀lẹ́ a jẹ́ ti pápá. Bẹ́ẹ̀ ni Balógun ṣe ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn: Apapa Bombers, Marine, Railway, Pan Bank àti àwọn mìíràn. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní 1945, bọ́ọ̀lù wá di ohun tí tọmọdé tàgbà ń jà sí.

Àwọn òǹwòran ló sọ ọ́ ní Ààrá, nítorí bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní bó bá ti gbá a, aṣọ́lé tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí ara rẹ̀ a yà fún un. Àwọn kan tilẹ̀ ń pìtàn pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti pa aṣọ́lé rí. Àwa ò gba ìyẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lágbára, ta ni yóò pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn?

Ọdún 1949 ni ọdún ńlá. Ní oṣù kẹjọ, àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún, tí Etim Henshaw jẹ́ olórí wọn, wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí ìlú Òyìnbó. Balógun wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Bándéèjì ni wọ́n ń wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n na Marine ti Crosby ní góòlù márùn-ún sí méjì. Ẹnu ya àwọn tó wá wòran. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán tó dára lórí ilẹ̀ gbígbẹ kì í dúró dáadáa lórí koríko tútù. Nígbà tí wọ́n gbá mẹ́sàn-án tán, wọ́n jàre nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n na Sierra Leone ní góòlù méjì sí òdo ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ ni wọ́n lọ kọ́, wọn ò sì kọ́ ọ lásán.

Balógun ò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà parí síbẹ̀. Ní 1955 ó padà lọ sí ìlú Òyìnbó, lọ́dọ̀ Peterborough United. Ó gbá fún Skegness Town, ó sì wọ Queens Park Rangers ní 1956. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì mẹ́tàlá ló gbá fún wọn, ó sì jẹ góòlù mẹ́ta. Ẹni tó bá wo iye yìí lè ní kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà náà, àti pé ènìyàn dúdú tí ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun níbẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá. Bó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, torí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í lágbára títí ayé.

Nígbà tó padà wálé, kò jókòó ka ìtàn ara rẹ̀. Ó di olùkọ́ bọ́ọ̀lù, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ohun tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wá. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1972 ni ó kú, kò tíì darúgbó.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè ní 1984, èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko! Àwọn tó wo bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti kú lọ púpọ̀ kí ògiri tó parí. Bí a ṣe ń ṣe sí àwọn akọni wa nìyí, ó sì yẹ kó dùn wá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé àti eré kì í gbé pọ̀. Balógun kó méjèèjì pọ̀, kò sì já èyíkéyìí jù. Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá wa tó ṣì wà láyé léèrè nípa irú ẹni báyìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ò bá kọ ọ́, òkúta ìpìlẹ̀ nìkan ni yóò mọ̀ wọ́n.