Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti: Olóhùn Lọ, Ohùn Kù

Bí a bá dárúkọ Ransome-Kuti ní Èkó lónìí, Fẹlá ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ bá. Kò yani lẹ́nu. Láti Ogudu wa níbí dé New Afrika Shrine ní Agidingbi, Ìkẹjà, kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Fẹlá ní ọdún 1938, bàbá bàbá rẹ̀ ti kọrin Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ni ọkùnrin náà. Ìtàn rẹ̀ ni mo yàn fún ìwé ayẹyẹ ọdún 10 ẹgbẹ́ wa, nítorí ó kan ohun kan tó yẹ kí àwa náà tètè ṣe.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1855 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Kò tíì pé ọdún 10 tí àwọn míṣọ́nárì CMS wọ ìlú náà, lọ́dún 1846. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó tètè gba ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́, òun ló sì fà á wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó. Ó ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's, Aké. Nígbà tó di ọdún 1879, ó tún padà sí Èkó láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS tó jẹ́ tiwọn. Orin wà lára ohun tó ń kọ́ wọn. Ní ọdún 1882 ó fẹ́ Bertha Olubi ní ìyàwó. Wọ́n fi í jẹ díákónì lọ́dún 1895, ó sì di àlùfáà lọ́dún 1897. Níkẹyìn, wọ́n fi oyè Canon dá a lọ́lá.

Àwọn àlùfáà mìíràn wà nígbà náà tí wọ́n mọ̀wé tó o. Ohun tó ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ ni orin. Orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó ni wọ́n ṣì máa ń fi gbé e. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Bí ohùn orin bá lọ sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sókè, ìtumọ̀ á dàrú. Ẹni tó fẹ́ kọrin nípa ọ̀run lè máa kọrin nípa ọrùn. Àwọn onígbàgbọ́ mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n létí àgbẹ̀ tàbí ọlọ́jà tó ń kọjá lójú ọ̀nà, ariwo lásán ni.

Ransome-Kuti kò bá etí èèyàn jà. Ó mú ohùn tí àwọn Ẹ̀gbá ti fi ń kọrin láti ilé, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìhìnrere sínú rẹ̀, tí orin á fi máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Bó bá dé abúlé tí wọn kò tíì gba ẹ̀sìn, orin ló máa ń ṣíwájú ìwàásù. Àwọn tí kò ní í dúró gbọ́ ìwàásù máa ń dúró gbọ́ orin. Ibi tí wọ́n ti ń pè é ní àlùfáà olórin nìyẹn.

Lákòókò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Ní ọdún 1877, Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní phonograph. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà, tí wọ́n yí mọ́ àgbá kékeré kan lára, ni abẹ́rẹ́ ń kọ ohùn sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èèyàn sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rọ sì dá ọ̀rọ̀ náà padà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1887, Emile Berliner mú girámófóònù jáde, èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ. Àwo pẹlẹbẹ yìí ló jẹ́ kí ó rọrùn láti fi ohùn kan ṣoṣo tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo jáde. Orí rẹ̀ ni òwò rẹ́kọ́ọ̀dù dúró lé.

Lọ́dún 1922, Ransome-Kuti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti kọjá ẹni ọdún 65. Ilé-iṣẹ́ Zonophone, tó wà lábẹ́ Gramophone Company, gbà á sílé, ó sì kọ orin Yorùbá tó lé ní 40 fún wọn. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ni.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù gba ohùn sílẹ̀ má rò pé iṣẹ́ yẹn rọrùn. Nígbà yẹn, maikirofóònù kò tíì wọ iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọdún 1925 ló tó wọ̀ ọ́. Ìwo ńlá kan tó dà bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo ni akọrin máa ń kọjú sí. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà ní ìdí ìwo náà tó ń gbọ̀n bí awọ ìlù, abẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọn á sì máa fín ohùn sára ìda. Bí akọrin bá dúró jìnnà, ohùn rẹ̀ kò ní wọlé. Bó bá ṣìṣe láàárín, kò sí píparẹ́. Ìda tuntun ni wọ́n á gbé wá. Ojú àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bàbá arúgbó tó ti fi ìta gbangba kọ́ra, tí kò sí ẹni tó ń ká a lọ́wọ́ kò, ní láti dín orin rẹ̀ kù sí ìwọ̀n yẹn. Ó sì ṣe é.

Girámófóònù kò nílò iná mànàmáná. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Nítorí náà, àwo kan lè kọrin ní ìlú tí ẹsẹ̀ àlùfáà fúnra rẹ̀ kò dé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, olóhùn lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kù. Ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School àti ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ìjà owó-orí. Àwọn ni wọ́n bí Olikoye, Fẹlá àti Beko.

Àwọn baba wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwo ayé ọjọ́un pàápàá, fífọ́ ló ń fọ́ bó bá balẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí British Library ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn ńlá lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 2015, ohùn àlùfáà Ẹ̀gbá yìí wà lára ohun tí àwọn èèyàn gbọ́. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni pé wọ́n kọ orúkọ olórin àti nọ́ńbà sára àwo kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sì tọ́jú rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Láàárín ọdún 10 tí ẹgbẹ́ wa ti wà, a ti sin òbí ara wa púpọ̀. Fídíò òkú àgbà kún inú fóònù wa: aṣọ ẹbí, ìnáwó, ijó. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ní ohùn bàbá tàbí ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ki oríkì ilé wọn, tàbí tó ń sọ bí Ogudu ṣe rí kó tó di GRA? Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ̀ pé owó tí a kò kọ orúkọ olówó sí yóò ṣòro láti gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fídíò tí kò lórúkọ, tí kò ní déètì: bí fóònù bá bàjẹ́, ó parí.

Àbá mi fún ẹgbẹ́ ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ohùn àgbà kan sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Kí a kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sí i, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán. Àlùfáà Ransome-Kuti ní láti dé Lọ́ńdọ̀nù kí ohùn rẹ̀ tó wọ inú àwo. Àwa kò ní láti dé Òjótà pàápàá. Ẹ jẹ́ ká ṣe é nígbà tí àwọn àgbà wa ṣì wà lókè eèpẹ̀.

Ọdún á yabo fún wa o. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.