Henry Carr (1863–1945): Alábẹ̀wò Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Kò Dẹ́kun Ẹ̀kọ́ Kíkọ́

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ ṣe ń wọ inú alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́. Ní Àgbádárìgì, ìlú tí kò jìnnà sí Ibereko, ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 1843, ṣùgbọ́n nǹkan bí ogójì ọdún kọjá kí ìjọba tó ṣòfin ẹ̀kọ́ tí ó mú ìbẹ̀wò dání. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó gbé iṣẹ́ ìbẹ̀wò náà níyì ni Henry Carr.

Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1863, ọmọ Sàró sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kàwé ní Èkó àti ní Freetown, ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, ó sì gboyè B.A. Yunifásítì Durham nínú ìmọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní 1882. Lẹ́yìn èyí, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ sí i, títí kan ẹ̀kọ́ ní St Mark's College, Chelsea, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́.

Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yìí, kò fò lọ sórí àga alábẹ̀wò. Nígbà tí ó padà dé ní 1885, iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ wọ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní CMS Grammar School, Èkó. Ní 1889 ni ó tó di igbákejì alábẹ̀wò, kí ó tó di alábẹ̀wò gan-an.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lábẹ́ òfin 1887, èsì ìdánwò tí alábẹ̀wò bá ṣe wà lára ohun tí ìjọba ń wò kí ó tó fún ilé-ìwé ìjọ ní owó ìrànwọ́. Bí alábẹ̀wò kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ọmọ tí kò mọ̀wé àti ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, ilé-ìwé kékeré lè pàdánù owó tí ó fi ń gbéra. Ojúṣe náà sì ń gbòòrò: ìjọba dá ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, irú rẹ̀ sì dé Àgbádárìgì ní 1899.

Carr kò torí ipò dá ìwé kíkà dúró. Ó tún gboyè nínú ìmọ̀ òfin, ó sì kó ìwé bí 18,000 jọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ìwé náà di ti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn.

Ní 1918, ó di Résídẹ́ǹtì Kólónì Èkó. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i: Herbert Macaulay kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lòdì sí i ní 1924, nítorí pé àwọn kan gbà pé ti ìjọba ni ó ń ṣe jù. Ọdún náà ni ó fẹ̀yìn tì. Ó papò dà ní 1945.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ṣe kedere. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń di olùkọ́, olùkọ́ ni ó ń di igbákejì, igbákejì ni ó ń di alábẹ̀wò. Ẹni tí ó bá fo ọ̀kan nínú àtẹ̀gùn yìí, àwọn ọmọ tí ó lọ bẹ̀ wò ni yóò jìyà rẹ̀.