Arsène d'Arsonval, Amòye Ooru àti Iná Mànàmáná

Ọ̀rẹ́ ènìyàn ni iná, ọ̀tá rẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa títí dé Òde-Ìrèlè, kò sí ẹni tí ń ṣe púpurú tí kò mọ̀ pé bí iná bá kéré jù, inú rẹ̀ kò ní gbẹ, yóò sì bàjẹ́. Bí iná bá sì pọ̀ jù, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti di èédú kí ooru tó dé inú. Ìwọ̀n ni gbogbo iṣẹ́ náà. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣègùn òde òní ń lò nígbà tí wọ́n bá ń fi ooru pa kókó jẹjẹrẹ kékeré nínú ẹ̀dọ̀ láìla ikùn aláìsàn. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìyanu yìí ni ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arsène d'Arsonval.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Òkúdù ọdún 1851 ni a bí d'Arsonval ní La Porcherie, abúlé kékeré kan tí kò jìnnà púpọ̀ sí ìlú Limoges. Ọmọ ilé ọlá ni, kì í sì í ṣe ẹni tí ebi lè lé dé ẹnu iṣẹ́. Síbẹ̀ kò jókòó ti ọrọ̀ bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Paris láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, níbẹ̀ ni ó sì ti pàdé ọ̀gá tí ó yí ọ̀nà ayé rẹ̀ padà.

Claude Bernard ni ọ̀gá náà. Òun ni ó fi hàn fún gbogbo ayé pé ẹ̀dọ̀ kì í ṣe àpò òróòro lásán, bí kò ṣe ilé iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ṣúgà fún ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń kó oúnjẹ ara pamọ́ di ọjọ́ àìní. Bernard tún ń wádìí bí ooru ṣe ń wáyé nínú ara ẹ̀dá alààyè. D'Arsonval di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a ṣiṣẹ́ títí Bernard fi kú ní ọdún 1878. Nínú yàrá ìwádìí yìí ni ọmọdékùnrin náà ti kọ́ pé kò tó kí a sọ pé ara gbóná tàbí pé ara tutù. A ní láti wọn ooru náà, kí a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀, ó bá ọ̀mọ̀wé Brown-Séquard ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Collège de France, nígbà tí ẹni yìí náà sì kú ní ọdún 1894, d'Arsonval ni a fi jókòó sí ipò rẹ̀.

Ọwọ́ d'Arsonval mọ iṣẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ oníṣègùn lọ. Bí kò bá rí ohun èlò tí ó lè wọn nǹkan tí ó fẹ́ wọn, yóò ṣe é fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1882, òun àti Marcel Deprez ṣe ohun èlò kan tí ń wọn iná mànàmáná, bí ó ti wù kí iná náà kéré tó. Irin mágínẹ́ẹ̀tì dúró lójú kan, okùn wáyà tí a ká jọ sì ń yí láàárín rẹ̀ bí iná bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú òṣùwọ̀n iná tí ó ní ọwọ́ bí ti aago, irú èyí tí a ń rí nínú yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọgbọ́n kan náà ni a ń lò títí di òní.

Ní àkókò yìí iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn ìlú Yúróòpù ni, ó sì ń pa àwọn òṣìṣẹ́ tí ó bá fọwọ́ kàn án. Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tí iná bá ti gbé ṣubú ti kú pátápátá. D'Arsonval kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣe ìwádìí, ó sì rí i pé èémí ni ó sábà máa ń dúró kí ẹ̀mí tó bọ́. Nítorí náà ó kọ́ni pé bí a ti ń ṣe ìtọ́jú ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ ni kí a ṣe ti ẹni tí iná gbé: kí a má fi í sílẹ̀, kí a máa ràn án lọ́wọ́ láti mí. Ní ọdún 1894, òṣìṣẹ́ kan tí iná líle gbé nítòsí Paris jí padà nítorí pé a tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí ó bá ń gbé lẹ́bàá odò, tí ó sì ti rí bí a ti ń jí ẹni tí omi gbé, yóò mọ iye tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kí ni ó dé tí iná mànàmáná fi ń mú kí iṣan ara sún kì? Iná tí ó wà nínú ilé ní Nàìjíríà a máa lọ, a sì máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. D'Arsonval ṣe ẹ̀rọ tí ó lè mú kí iná máa lọ kí ó sì máa bọ̀ kánkán ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ó rí i pé bí ó ti ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ń le sí i, títí ó fi dé ibì kan. Láti ibẹ̀ ni iṣan náà bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Nígbà tí ó kọjá ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣan kò sún kì mọ́ rárá. Ó dà bí ẹni tí a pè síwájú, tí a sì tún pè sẹ́yìn kí ó tó gbé ẹsẹ̀, tí kò sì lè kúrò lójú kan. Ooru nìkan ni ó kù. Ní ọdún 1891 ni ó kéde àwárí yìí. Kò fi ẹlòmíràn nìkan dán an wò. Ó jẹ́ kí iná náà gba inú ara òun pàápàá kọjá. Àtùpà tí a so mọ́ ojú ọ̀nà iná náà tàn, ara ènìyàn tí ó gbà á kọjá kò sì rí ìpalára.

Òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, òkìkí náà sì fẹ́ ṣi iṣẹ́ náà lọ́nà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí fi iná yìí wo oríṣiríṣi àìsàn tí kò ràn, wọ́n sì ń fi orúkọ d'Arsonval pè é. Òun fúnra rẹ̀ nírètí púpọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, púpọ̀ nínú ìwòsàn wọ̀nyí kò sì lè dúró nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí ó dúró ni òtítọ́ kan ṣoṣo náà: pé irú iná yìí lè mú ara gbóná láìpa ènìyàn. Lórí rẹ̀ ni William Bovie àti oníṣẹ́ abẹ Harvey Cushing gbé iṣẹ́ wọn lé nígbà tí wọ́n lo iná láti gé ẹran ara àti láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1926.

D'Arsonval kú ní La Porcherie, ní abúlé tí a ti bí i, ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1940. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni, ogun sì ti bo ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọdún náà.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, iná rẹ̀ wá dé inú ẹ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ Bernard ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí. Ní ọdún 1990, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà àti ní Ítálì, tí ẹnì kìíní kò mọ̀ sí iṣẹ́ ẹnì kejì, fi hàn pé a lè ti abẹ́rẹ́ gígùn kan gba ara wọ inú ẹ̀dọ̀, kí a sì fi iná sun ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara yóò máa fi ojú ọ̀nà han oníṣègùn títí ẹnu abẹ́rẹ́ yóò fi wọ inú kókó náà. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ìgbà tí ó ju 400,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gba ibẹ̀ jáde, yóò sì gba inú ara dé ibi pẹlẹbẹ fífẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ itan. Àwọn èérún inú omi ara tí ó yí abẹ́rẹ́ ká yóò máa gbọ̀n síwá sẹ́yìn, wọn yóò sì mú ooru wá, bí ọwọ́ méjì tí a fi ra ara wọn ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Nígbà tí ooru náà bá ti kọjá ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kókó náà yóò kú, yóò sì dì bí funfun ẹyin ti ń dì nínú omi gbígbóná.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n púpurú ti tún yọjú. Bí ooru bá kọjá 100, ẹran tí ó yí abẹ́rẹ́ ká yóò gbẹ, yóò di èédú, iná kò sì ní lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ẹ̀yìn kókó yóò wà láàyè. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá wà nítòsí, ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn yóò máa gbé ooru náà lọ, bí odò ti ń gbé ewé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ ni iṣẹ́ yìí dára fún jùlọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí ní Nàìjíríà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kì í pariwo nígbà tí ó bá kéré, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í sì í dé ilé ìwòsàn títí ikùn wọn yóò fi wú. Àrùn mẹ́dọ̀wú irú B ni olórí ohun tí ń fà á, májèlé inú ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu sì ń ràn án lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń fún ọmọ tuntun ní ọjọ́ tí a bí i lè dènà mẹ́dọ̀wú yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi ẹni tí ó ti ní i hàn, kí àwọn oníṣègùn lè máa yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Àgbàdo tí a sì sá gbẹ dáadáa kí a tó kó o sí àká kì í tètè bu.

D'Arsonval kò wo aláìsàn kankan tí ó ní kókó nínú ẹ̀dọ̀ sàn pẹ̀lú iná rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó béèrè ìbéèrè kan nípa iṣan, ó wọn ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wọn nǹkan nínú yàrá sáyẹ́ǹsì lónìí, tí ó sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láìparọ́, iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni ó ń bá lọ.